Sálẹ́ńsà Ọkọ̀ Àtijọ́: Ṣé Kí A Yí I Padà ni, Àbí Kí A Dá A Sí?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò ní ọ̀tẹ̀ yìí lè jọ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lójú ẹni tí kò tíì fara balẹ̀ rò ó. Bí ènìyàn bá ní ọkọ̀ asáré àtijọ́, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sípọ́ọ̀tì-káà, tí iléeṣẹ́ tó ṣe é sì ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti bí àádọ́ta ọdún, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó yọ irú sálẹ́ńsà tó bá a wá láti iléeṣẹ́, kí ó fi òmíràn tó tóbi jù ú lọ, tó sì ń dún jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀? Àbí ńṣe ni kí ó máa tọ́jú ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́ bí àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ti fẹ́ kí ó rí?

Kí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́ wa má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó lásán nìyí. Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ère, àti ìwé àfọwọ́kọ ń bi ara wọn. Àwọn àgbẹ̀ wa pàápàá mọ̀ ọ́n. Bí igi ọkọ́ bá kán, a gbẹ́ òmíràn sí i. Bí irin rẹ̀ bá jẹ dé ìdí, alágbẹ̀dẹ a rọ òmíràn. Síbẹ̀ àgbẹ̀ náà kò yé pè é ní ọkọ́ tí òun jogún. Ǹjẹ́ ọkọ́ náà ṣì ni? Ní ti ọkọ́, bí a bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ní ti ọkọ̀ tí owó rẹ̀ tó owó ilé, tí ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ tó ti kú sì wà lára rẹ̀, ìdáhùn tí kò tọ́ lè ba ohun tí a kò ní í rí mọ́ jẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ̀ jù, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni a ó tẹjú mọ́ jù, èyíinì ni Jaguar E-Type ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ó kàn ya ẹsẹ̀ díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì àti Jámánì níbi tí ó bá ti yẹ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1961 ni Jaguar fi ọkọ̀ yìí han aráyé ní ìlú Geneva. Sir William Lyons ni olórí iléeṣẹ́ náà. Malcolm Sayer, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú rí, tó sì mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn lára nǹkan tó ń sáré, ni ó ya ìrísí rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gùn ún wò ní Geneva pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Norman Dewis, awakọ̀ tó ń dán ọkọ̀ wò fún iléeṣẹ́ náà, pé kí ó wa òmíràn wá láti Coventry. Ó sì wà á lóru mọ́jú. Owó ọkọ̀ náà nígbà náà lé díẹ̀ ní £2,000, èyí tó kéré púpọ̀ sí owó àwọn ọkọ̀ Ítálì tó lè bá a sáré dọ́gba. Títí di ọdún 1974 tí wọ́n fi dáwọ́ dúró, wọ́n ti ṣe ju 70,000 lọ. Ní 1996, Museum of Modern Art tó wà ní New York gba ọ̀kan nínú wọn wọlé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, bí ìgbà tí a bá gba àwòrán tàbí ère wọlé.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní XK. Ọdún 1948 ni ó kọ́kọ́ jáde nínú ọkọ̀ mìíràn. Sìlíńdà mẹ́fà ni ó ní, tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn ní ìlà kan. Ẹ̀yà onísìlíńdà méjìlá tó dé ní 1971 kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa. Onísìlíńdà mẹ́fà yìí ni ohùn rẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí sálẹ́ńsà ń ṣe

Àwọn mẹkáníìkì wa a máa pe gbogbo ohun tó ti ara ẹ́ńjìnnì gùn lọ sí ìdí ọkọ̀ ní sálẹ́ńsà. Fún àlàyé wa, ó yẹ kí á pín in sí mẹ́ta. Èkíní ni mánífóòlù, irin tí a fi bóòtù dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì gan-an, tó ń gba èéfín lẹ́nu sìlíńdà. Èkejì ni páìpù tó ń gbé èéfín náà lọ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni àgbá, níbi tí a ti ń dín ariwo kù kí èéfín tó bọ́ sí ìta.

Inú sìlíńdà ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń jóná. Nígbà tí iná bá ti písítọ̀nù wálẹ̀ tán, fáàfù kan a ṣí, èéfín a sì tú jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ kárakára, gbígbóná èéfín náà lè kọjá 700 lórí òṣùwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì. Kì í ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí omi odò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń bú jáde, bí ìgbà tí a bá ń lu ìlù. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà, ìjóná mẹ́ta ni ó ń wáyé nínú ìyípo kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìjóná 9,000 nìyẹn. Bí a bá fi 60 pín in, a ó rí 150 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Etí ènìyàn kò lè ka ìyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Ó ti di ohùn, gẹ́gẹ́ bí okùn gòjé ṣe ń gbọ̀n títí gbígbọ̀n rẹ̀ fi di orin.

Ibí ni ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́. Bí ìbújáde kọ̀ọ̀kan bá ti ń sáré lọ nínú páìpù, ó ń fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí gígùn páìpù àti fífẹ̀ rẹ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú eré ẹ́ńjìnnì, àlàfo yìí a máa bá sìlíńdà fa ìyókù èéfín inú rẹ̀ jáde, a sì ráyè fún afẹ́fẹ́ tuntun láti wọlé. Bí kò bá ṣe déédéé, èéfín sìlíńdà kan a padà lọ dí òmíràn lọ́wọ́. Nítorí náà, sálẹ́ńsà kì í ṣe ihò ìdalẹ̀nù lásán. Ara ẹ́ńjìnnì ni, bí imú ti jẹ́ ara ẹ̀dọ̀fóró.

Mánífóòlù méjì ni àwọn ará Coventry ṣe fún XK yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sìlíńdà mẹ́ta. Irin tí a yọ́ dà ni wọ́n, ó nípọn, wọ́n sì fi awọ dúdú dídán bí ti abọ́ tánganran bò ó. Ẹ wo bí àwọn sìlíńdà ṣe ń jóná tẹ̀ léra wọn: 1, 5, 3, 6, 2, 4. Ẹgbẹ́ kan ni 1, 2 àti 3. Ẹgbẹ́ kejì ni 4, 5 àti 6. Bí ẹ bá tún un wò, ẹ ó rí i pé ẹgbẹ́ méjèèjì ń gbà á fún ara wọn láìyẹ̀, bí olórin àti elégbè. Ìjóná méjì kò jẹ́ tẹ̀ lé ara wọn wọ inú mánífóòlù kan náà. Páìpù méjì ni ó ti ibẹ̀ gùn lọ sẹ́yìn, wọ́n sì yọrí láàárín gbùngbùn ìdí ọkọ̀, wọ́n gbójú sókè díẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ E-Type lè fi páìpù méjì yìí nìkan dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn. Ohùn tó ń ti ẹnu wọn jáde jinlẹ̀, ó sì ń ga sí i bí a bá ti ń tẹ epo. A kò ṣèèṣì rí ohùn yìí. Ètò tí a ṣe lókè yìí ni ó bí i.

Ohun tó ń pa á

Wàyí o, ohun kan wà tí àwọn méjèèjì tó ń jiyàn a máa gbàgbé. Bí lítà epo pẹtiróòlù kan bá jóná tán, omi tí yóò ti inú rẹ̀ jáde tó nǹkan bí lítà kan. Èyí a máa ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n olùkọ́ kẹ́mísìrì yóò tètè yé e: háídírójìn wà nínú epo, ó sì ń so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bí ó ti ń jó. Nígbà tí ọkọ̀ bá rin ìrìn jíjìn, tí gbogbo sálẹ́ńsà sì gbóná, omi náà a bá èéfín lọ gẹ́gẹ́ bí oruru gbígbóná. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kàn lọ sí ìkángun àdúgbò kí ó tó padà wálé, oruru náà a di omi padà nínú àgbá tí kò tíì gbóná, a bá àwọn ásíìdì inú èéfín pò, a sì jókòó síbẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn tí a ó tún wa ọkọ̀.

Báwo sì ni àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ṣe ń wa ọkọ̀ wọn? Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí òòrùn bá ràn, wọn a gbé e jáde fún wákàtí díẹ̀, wọn a sì dá a padà sínú gárééjì. Bẹ́ẹ̀ ni sálẹ́ńsà onírin lásán ṣe ń ti inú jẹra kí ó tó hàn lóde. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí ojú títì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù, kí yìnyín má baà dì, ń jẹ ẹ́ láti ìta ní tirẹ̀.

Ohun tó ti ibí yìí jáde wúwo. Páìpù àti àgbá tí wọ́n fi sára E-Type ní 1961 tàbí 1965 ti dógùn-ún, wọ́n sì ti di ìdọ̀tí tipẹ́tipẹ́ lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣì ń rìn. Ohun tí olówó ọkọ̀ ń nawọ́ sí pé ‘ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyí’ lè jẹ́ ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹfà irú rẹ̀ lára ọkọ̀ náà. Irin náà kọ́ ni ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìrísí rẹ̀, gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni. Mánífóòlù ni ó yàtọ̀. Irin rẹ̀ nípọn, ibi tó gbóná jù lọ ni ó sì wà, omi kì í ráyè jókòó nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí mánífóòlù ti 1961 ṣì wà lára ọkọ̀ lónìí, bí ẹnì kan kò bá ti yọ ọ́ sọnù. Ní tèmi, ìdí ọ̀rọ̀ wa lónìí wà níbẹ̀: ohun tí ó máa ń jẹ tán wà, ohun tí kì í jẹ tán sì wà, a kò sì gbọdọ̀ fi òfin kan náà dè wọ́n.

Àwọn tó fẹ́ kí á yí i padà

Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ti àwọn tó fẹ́ àyípadà ná. Àwíjàre wọn àkọ́kọ́ ni pé irin sténlẹ́ẹ̀sì kì í dógùn-ún bọ̀rọ̀. Òdodo ni. Króómíọ́ọ̀mù inú rẹ̀, tí kì í dín ní ìdá 10.5 nínú 100, ń bá ọ́síjìn ṣe awọ tín-ín-rín kan tó ń dáàbò bo irin. Ẹni tó bá fi sténlẹ́ẹ̀sì ṣe páìpù àti àgbá sára ọkọ̀ rẹ̀ lè máà ronú nípa wọn mọ́ títí ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e ní ìwọ̀n kan náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀ kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́, n kò rí ohun tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà lójú títì ṣe tí a ó fi bá a wí. Àwọn kan ní ohùn sténlẹ́ẹ̀sì a máa le díẹ̀ ní etí, bí ìgbà tí a bá lu agolo. Bí irin náà bá fẹ́lẹ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá nípọn dáadáa, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan.

Àwíjàre kejì ni ti agbára, ibí sì ni kí á ti ṣọ́ra. Wọ́n á ní bí páìpù bá fẹ̀ sí i, tí a sì fi mánífóòlù onípáìpù gbọọrọ mẹ́fà rọ́pò èyí tí a yọ́ dà, ẹ́ńjìnnì yóò mí dáadáa. Fún ọkọ̀ ìdíje tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sáré láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n páìpù tó fẹ̀ jù a máa dín eré èéfín kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí, àlàfo tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan a sì di aláìlágbára. Ọkọ̀ náà lè yá sí i ní òkè, kí ó sì di ọ̀lẹ ní ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ni a ń lò jù lójú títì. Ohun mìíràn tún wà. Kábúrétọ̀ mẹ́ta ni ó ń fún XK inú E-Type ti 1961 ní epo, abẹ́rẹ́ inú kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń díwọ̀n bí epo yóò ti pọ̀ tó. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lábẹ́ sálẹ́ńsà àtijọ́ ni a fi yan abẹ́rẹ́ náà. Bí èéfín bá wá ń jáde wéréwéré jù ti tẹ́lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé jù ti tẹ́lẹ̀, epo lè má tó o mọ́, gbígbóná inú sìlíńdà a sì pọ̀ sí i. Ẹni tó pààrọ̀ sálẹ́ńsà láìfọwọ́kan kábúrétọ̀ ti ra ìdajì iṣẹ́ ní owó odidi. Páìpù tín-ín-rín ti mánífóòlù tuntun a sì máa tú ooru sílẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ju irin nípọn lọ, títí tí ohun tó wà nítòsí rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yíra.

Porsche 911 ti ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Frankfurt ní 1963, fi èyí hàn kedere. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kì í ṣe omi. Nítorí náà, ooru sálẹ́ńsà ni wọ́n ń lò láti mú inú ọkọ̀ móoru nígbà òtútù: wọ́n fi páálí irin yí páìpù èéfín ká, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá, ó sì ń wọlé tọ awakọ̀ lọ. Ẹni tó bá fi sálẹ́ńsà ìdíje lásán rọ́pò rẹ̀ ti pa ẹ̀rọ amúlé-móoru ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn kan kì í mọ̀ títí di oṣù kejìlá.

Àwíjàre kẹta ni ti ohùn, òun gan-an ni ó sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀lọpọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ náà bú. N kò bá wọn jà lórí ìfẹ́ inú wọn, ṣùgbọ́n òfin wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní 1986 lórí bí ọkọ̀ ṣe yẹ kí ó rí, ní abala 54, sọ pé a kò gbọdọ̀ yí sálẹ́ńsà padà lọ́nà tí yóò fi mú ariwo èéfín pọ̀ sí i. Láti ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó ti pé ogójì ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún níbẹ̀, bí a kò bá ti ṣe àyípadà ńlá sí i láàárín ọgbọ̀n ọdún tó ṣáájú. Àwọn kan ka èyí sí pé ọkọ̀ àtijọ́ ti ga ju òfin lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ni a yọ̀ǹda wọn kúrò nínú rẹ̀. Òfin ariwo ṣì dè wọ́n.

Àwọn tó fẹ́ kí á dá a sí

Àwọn tó wà ní òdìkejì náà ní ìwé tí wọ́n gbára lé. Ní 1964, àwọn onímọ̀ nípa ilé àti ibi àtijọ́ péjọ sí ìlú Venice, wọ́n sì kọ ìwé ìlànà kan lórí bí a ṣe ń tọ́jú irú ohun bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1966, ni a dá FIVA sílẹ̀, àjọ àgbáyé tó so àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ pọ̀. Ní 2012, àjọ yìí fọwọ́ sí Ìwé Ìlànà Turin, èyí tó mú ọgbọ́n Venice wá sórí ọkọ̀. Kì í ṣe òfin tí ọlọ́pàá lè fi mú ènìyàn, ìmọ̀ràn ni. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àgbà ni. Ó ní kí àyípadà mọ níwọ̀n, kí ó ṣeé yọ padà, kí á pa ohun pàtàkì tí a yọ mọ́ pẹ̀lú ọkọ̀, kí á kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe sílẹ̀, kí á sì sàmì sí ohun tuntun tí a fi rọ́pò kí ẹni ẹ̀yìn ọ̀la má baà ṣì í mú fún ti àtijọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìwé náà kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. Àwọn kan nínú àwọn olùpamọ́ ni wọ́n sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi í yẹ ọkọ̀ ẹlòmíràn wò bí ẹni ń wá èṣẹ́ lára ọmọ. Ẹni tó bá ní kí a fi irin tí yóò jẹra ní ọdún díẹ̀ sára ọkọ̀ nítorí pé irú rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀ ní 1961 ń tọ́jú ìpẹtà, kì í ṣe ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ tún díjú sí i nígbà tí àyípadà fúnra rẹ̀ bá ti di ìtàn. Carlo Abarth, ẹni tí a bí ní Vienna, dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Ítálì ní 1949. Ọkọ̀ ìdíje ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n sálẹ́ńsà ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ilé àwọn ènìyàn lásán. Ẹni tó ní Fiat kékeré lè ra sálẹ́ńsà Abarth, kí ó fi í sí ọkọ̀ rẹ̀, kí ó sì máa dún bí ẹni ńlá ládùúgbò. Bí a bá rí irú Fiat bẹ́ẹ̀ lónìí, tí sálẹ́ńsà Abarth tí olówó rẹ̀ rà ní nǹkan bí 1960 sì wà lára rẹ̀, ǹjẹ́ kí á yọ ọ́, kí á fi ti iléeṣẹ́ Fiat sí i? Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti pa ìtàn ọ̀dọ́kùnrin kan àti ti ìgbà rẹ̀ rẹ́, a sì ti sọ ọkọ̀ náà di èyí tí kò jẹ́ rí láti ọjọ́ tí ó ti kúrò lọ́wọ́ oníṣòwò. Ohun tí a fi kún un nígbà ayé rẹ̀ ti di ojúlówó rẹ̀, bí ilà ojú ti jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́, bí a kò tilẹ̀ bí i mọ́ ọn.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù wà. Ferrari 250 GTO, tí wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1964, kò ju bí 36 lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, wọ́n lu ọ̀kan ní gbàǹjo ní Califonia ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 48 dọ́là. Bọ́dì tó wà lára rẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bò ó. Scaglietti, oníṣẹ́ bọ́dì tó ń bá Ferrari ṣiṣẹ́, ni ó pààrọ̀ rẹ̀ sí ti tuntun ní 1964, nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì ń díje. Àwọn olówó kò torí èyí sá fún un. Wọ́n mọ ẹni tó ṣe àyípadà náà, wọ́n mọ ọdún tó ṣe é, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ní 2010 ni olówó kan ṣe irú rẹ̀ nítorí pé ó wù ú, gbàǹjo náà ìbá rí bákan mìíràn.

Níbo wá ni a dúró sí?

Ní èrò tèmi, ẹ má bi olówó ọkọ̀ pé ṣé ó yí sálẹ́ńsà padà. Ẹ bi í pé kí ni ó gé, kí ni ó sọnù, kí ni ó sì kọ sílẹ̀. Páìpù àti àgbá ni mo kà sí bàtà ọkọ̀; bí wọ́n bá jẹ tán, kí á ra òmíràn, bí ó bá sì jẹ́ sténlẹ́ẹ̀sì tí ó bá ìwọ̀n àtijọ́ mu, ó dára. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn tó yàtọ̀ díẹ̀ ní ìwọ̀n tí òfin gbà, kí ó fi àgbá mìíràn sí i pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tì, lọ́nà tí a fi lè tú u láàárín ọ̀sán kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wẹ́dà bá gbé iná dé ìdí ọkọ̀ láti gé irin bọ́dì kí páìpù ńlá lè ráyè kọjá, kí á dá a lọ́wọ́ kọ́. Bọ́dì E-Type kò dà bí páìpù; ohun tí iná bá gé níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún un lẹ̀ kí àpá rẹ̀ má hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mánífóòlù. Ẹni tó bá gbé méjèèjì fún oníṣòwò irin àlòkù nítorí pé ó ti ra onípáìpù mẹ́fà ti sọ ohun kan ṣoṣo tí kì í jẹ tán nínú gbogbo sálẹ́ńsà náà nù.

Mo yọ irú ọkọ̀ kan sọ́tọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá wà tí ó bọ́ lọ́wọ́ omi àti iyọ̀, tí páìpù àti àgbá tí iléeṣẹ́ fi sí i ṣì wà lára rẹ̀, bóyá nítorí pé ẹni tó rà á kò fi bẹ́ẹ̀ wà á, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ bàtà mú tirẹ̀. Irú wọn kò pọ̀ mọ́. Ara wọn ni oníṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sálẹ́ńsà tuntun fún àwọn ìyókù yóò ti wọn gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn irin. Níbẹ̀ ni yóò sì ti gbọ́ ohùn náà bí ó ṣe rí ní tòótọ́. Èyí tó wà ní New York kì í bú, kì í sì í rìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí E-Type ṣe ń dún kò lè gbọ́ ọ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn tó ní irú rẹ̀ pé kí wọ́n máa wà á, ní ọ̀nà jíjìn tó tó láti gbẹ omi inú àgbá, ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀.

Fún ẹni tó ti pinnu láti pààrọ̀ tirẹ̀, iṣẹ́ tó kù kò le. Kí ó ya àwòrán ohun gbogbo kí ó tó tú bóòtù àkọ́kọ́. Kí ó wọn nípọn páìpù àtijọ́ ní ibi tí kò tíì jẹ, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ náà. Kí ó ní kí oníṣẹ́ lu ọdún tí a ṣe é sára sténlẹ́ẹ̀sì tuntun, níbi tí a lè rí bí a bá wo abẹ́ ọkọ̀. Mánífóòlù tó yọ, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó fi òróró pa ojú ibi tí bóòtù ń gbà, kí ó dí ihò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú aṣọ kí eku má baà kọ́lé síbẹ̀, kí ó so ìwé mọ́ ọn tó sọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọjọ́ tí a yọ ọ́, kí ó sì gbé e sórí àjà gárééjì. Bí ó bá ta ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú, kí ó gbé e sínú búùtù kí ẹni tó rà á tó wà á lọ.